Olóyè Lábọ̀dé, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Òkun Láti Orí Àpáta Ọ̀kà

Ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ ti Olóyè Godwin Lábọ̀dé, ọkùnrin tó ń ṣọ́ òkun láti orí àpáta. Mi ò fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe gbogbo yẹ̀yẹ́ náà tán, èmi kàn ń kó o jọ fún yín ni.

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá Omi Ààbò Àbùùbùtán sílẹ̀ ní etíkun Ìlàjẹ, ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Ẹ̀dá ńlá inú omi yẹn, tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn gùn ju bọ́ọ̀sì lọ, máa ń wá sí apá ibẹ̀ lọ́dọọdún láti wá bímọ. Ìjọba wá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà wọ́n láàmú lásìkò náà, kí wọ́n lè bímọ láyọ̀. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ yan alábòójútó ni nǹkan ti dàrú. Wọ́n pín ipò láti ẹkùn dé ẹkùn bí ẹni pín ẹran ìgbéyàwó. Ọmọ Ìlàjẹ kan, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bí sínú ọkọ̀ ojú omi, ni wọ́n fi ṣe alábòójútó òkè àti àpáta. Lábọ̀dé ọmọ Ọ̀kà ní Àkókó, tí kò fojú kan òkun rí, tó jẹ́ pé omi tó jìn jù lọ tó wọ̀ rí kò kọjá orúnkún, ni wọ́n gbé òkun lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ọgbọ́n kankan nínú èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.

Lábọ̀dé kò lọ sí etíkun. Ó ní ta ló ń dúró sísàlẹ̀ ṣọ́ nǹkan? Ó gba ilé alájà kan ní Ọ̀kà, níbi tí ọ̀nà ti ń yí kọ́lọkọ̀lọ gun òkè, ó fi ṣe ọ́fíìsì. Ó ra jákẹ́ẹ̀tì pupa tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ń wọ̀ kí wọ́n má bàa rì, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé ẹbí, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnmi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, kó sì fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, fùùù, fùùù, fùùù, bí àbùùbùtán ṣe ń mí. Àgbà ọkùnrin kan tó kàn wá béèrè ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn tó ń pín omi ẹ̀rọ kò mọ̀ nípa èyí, wọ́n sì dá a padà lẹ́ẹ̀mejì kí èémí rẹ̀ tó dọ́gba.

Láràárọ̀ ní agogo mẹ́wàá, Olóyè á gun àpáta ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Badmus, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́, á di agbòòrùn mú sí i lórí. Fúnminíyì, akọ̀wé rẹ̀, á dúró ti ìwé. Olóyè á gbé awò ńlá tí àwọn sójà fi ń wo òkèèrè sójú, á kọjú sí ìhà tí òun fúnra rẹ̀ pinnu pé òkun wà, á wò ó títí.

"Akọ̀wé!"

"Sà."

"Kọ ọ́ pé òkun dákẹ́ rọ́rọ́ lónìí. Àwọn àbùùbùtán wa wà ní àlàáfíà, wọ́n sì kí mi."

Fúnminíyì á wo ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ń wò. Òrùlé páànù ìlú Ṣúpárè ni, àti oko ẹ̀gẹ́, àti ọ̀kadà kan tó gbé ènìyàn mẹ́ta tó ń gun òkè bọ̀.

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

Á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, á sì na bírò sí Olóyè kó buwọ́ lù ú. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Fúnminíyì. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún mọ́kànlá lábẹ́ ọ̀gá mẹ́fà, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ kò ju méjì lọ: máa béèrè kí o tó kọ, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó ní kí o kọ ọ́ buwọ́ lù ú. Olóyè kì í janpata lórí ìbuwọ́lùwé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń buwọ́ lu ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún Olóyè, ẹ̀ẹ̀kan fún Godwin, ẹ̀ẹ̀kan fún Lábọ̀dé.

Oṣù kejì tí wọ́n dé ọ́fíìsì ni ìjọba ní kí ó kọ òfin tí Omi Ààbò yóò máa lò. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta rìn síwájú rìn sẹ́yìn nínú yàrá, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, Fúnminíyì ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà.

"Kọ ọ́ pé: Àwa, Godwin Lábọ̀dé, Olùdarí Àgbà Pátápátá, Ojú Tí Kì Í Sùn Lórí Òkun, Bàbá Gbogbo Ohun Tó Ní Lẹbẹ, pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe lórí ilẹ̀, ì báà ṣe lórí igi, tí a bá bá ẹran àbùùbùtán lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí nínú ìkòkò rẹ̀, tàbí láàárín eyín rẹ̀, ibi iṣẹ́ ẹni náà di títì pa lójú ẹsẹ̀!"

"Mo ti kọ ọ́, sà."

"Tó bá wá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ìlọ́po méjì! A ó ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa, a ó sì yọ àga kúrò lábẹ́ ìdí rẹ̀!" Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó tún un sọ fún ògiri.

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

Ibẹ̀ ni Badmus ti họ orí lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Táa bá dé ọjà, báwo la ṣe fẹ́ dá a mọ̀? Èmi ò mọ bí àbùùbùtán ṣe rí."

Kò sí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì Omi Ààbò Àbùùbùtán tó mọ bí àbùùbùtán ṣe rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé Olóyè á ní kí wọ́n lọ wá ìwé wò, tàbí kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí fóònù, ẹ ò tíì mọ Lábọ̀dé.

"Ẹ̀ka keje," ló wí, ó sì na ìka sókè. "Ohunkóhun tí Olùdarí Àgbà bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ní àbùùbùtán, àbùùbùtán ni. Kò sí àríyànjiyàn. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Olùdarí Àgbà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí i padà tó bá ti sọ ọ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í já sílẹ̀."

Fúnminíyì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀ka yìí, sà. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́."

Kọmíṣọ́nnà tó jẹ́ ọ̀gá Lábọ̀dé fọwọ́ sí ìwé òfin náà ní Àkúrẹ́ láì ka ojú ìwé kan. Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́ta sì ti kọjá. Lábọ̀dé wá tẹ ìwé pupa gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó bá rú òfin. Wọ́n kọ "A TI TÌ Í PA" sí i, àwòrán òun fúnra rẹ̀ nínú jákẹ́ẹ̀tì pupa sì wà lókè rẹ̀, ó fajú ro.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò rú òfin. Níbo ni wọ́n á ti rí àbùùbùtán ní Àkókó? Kọmíṣọ́nnà wá kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá ṣí Omi Ààbò ní gbangba, òun sì fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Oorun dá lójú Olóyè. Lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́, ó kó àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú Hilux, ó fi fèrè ọkọ̀ dí gbogbo ènìyàn létí láti Ọ̀kà dé ìdí ọjà, ó sì bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́ja. Fúnminíyì tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé. Kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ títí wọ́n fi dúró síwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyátúndé ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Ẹja yíyan ló ń tà. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ló ti tà á níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ìsọ̀ náà sì lóòórùn èéfín débi pé ajá kì í kọjá níbẹ̀ láì dúró. Àsìkò ìkórè àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bọ̀, ìgbà náà ló ń tà jù lọ láàárín ọdún. Ẹja àrọ̀ ńlá kan wà lórí tábìlì rẹ̀, tó gùn tó apá àgbàlagbà, tí wọ́n ká ìrù rẹ̀ wọ ẹnu.

"Ẹ káàbọ̀ o, Olóyè," ni Ìyátúndé wí. "Èwo ni kí n dì fún yín?"

"Kí lèyí?"

"Ẹja àrọ̀ ni."

"Ó ti tóbi tó báyìí?"

"Ó jẹun ni, sà."

Àwọn ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Lábọ̀dé na ìka sí ẹja, gbogbo ara rẹ̀ sì wú nínú jákẹ́ẹ̀tì. "Mo pè é ní àbùùbùtán!"

"Olóyè, ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀," ni Ìyátúndé wí jẹ́jẹ́. "Ṣé àbùùbùtán máa ń ní irùngbọ̀n ni?"

"Ẹ̀ka keje! Akọ̀wé, kọ ọ́!"

Fúnminíyì kò tíì bínú bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó gbé ojú sókè, ojú òun àti ìyá rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin.

"Kọ ohun tí wọ́n ní kí o kọ, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

Badmus lẹ ìwé pupa mọ́ ìsọ̀, ó sì gbé ẹja àrọ̀ náà lọ fún ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kejì, Fúnminíyì fẹ́ fùùù mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé tọ Olóyè lọ, ó sì kúnlẹ̀.

"Sà, obìnrin ọjà àná yẹn, ìyá mi ni."

"Mo mọ̀." Ó ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá eruku kúrò lára jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mọ́ mi. Gbogbo ayé á mọ̀ pé Lábọ̀dé kì í ṣe ojúsàájú."

"Ẹja àrọ̀ ni, sà."

"Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹja àrọ̀. Mo ti wá sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo lẹ máa ṣí ìsọ̀ fún wọn, sà?"

"Lọ́jọ́ tí mo bá rántí."

Nírọ̀lẹ́, Fúnminíyì bá ìyá rẹ̀ nílé, ó ń gé ẹ̀fọ́. Láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò jókòó sílé bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí ọjà ń ná.

"Ìwọ lo tẹ ìwé òfin yẹn?" ni ìyá béèrè.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ má bínú sí mi."

"Ṣé ó dá ẹnì kankan sí nínú rẹ̀?"

"Rárá o. Ẹnikẹ́ni ló ní kí n kọ síbẹ̀."

Ìyátúndé gé ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí i. "Ó dáa nígbà yẹn. Lọ bu oúnjẹ rẹ kó tó tutù."

Ọjọ́ ṣíṣí pé. Àwọn ènìyàn kún iwájú ọ́fíìsì ní Ọ̀kà bámúbámú, àwọn olóyè ìlú, àwọn pásítọ̀, àwọn olùkọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé. Kọmíṣọ́nnà dé láti Àkúrẹ́, obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà Déwùnmí ni, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún tẹ̀ lé àbùùbùtán kiri lójú òkun. Láàárín àgbàlá ni nǹkan ńlá kan wà tí wọ́n fi aṣọ bò. Àbùùbùtán tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ni. Ẹni tó mọ ọ́n kò rí àbùùbùtán rí, Olóyè sì ti gbé ẹja Ìyátúndé fún un kó máa wò ó ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, ẹja àrọ̀ tó tó mọ́tò ló yọ síta, irùngbọ̀n mẹ́jọ lẹ́nu rẹ̀, tó fi ìrù ara rẹ̀ há ẹnu.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Dókítà Déwùnmí yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Kí ló dé tó fi ń jẹ ìrù ara rẹ̀?" ló béèrè.

"Ìrẹ̀lẹ̀ ni," ni Lábọ̀dé dáhùn, ó sì gun orí pèpéle lọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà gùn. Mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ jẹ yín níyà. Ó ní kí òun tó dé, òkun kò mọ ibi tó ń ṣàn lọ. Ó ní àbùùbùtán máa ń yé ẹyin tó tó ìkòkò omi, òun sì ń ka àwọn ẹyin náà láràárọ̀ láti orí àpáta. Dókítà na ọwọ́ sókè láti sọ fún un pé àbùùbùtán kì í yé ẹyin, pé ó ń bímọ ni, ó sì ń fún un lọ́mú bí ìyá gbogbo, ṣùgbọ́n Badmus ti fun fèrè pé kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ Olóyè dúró. Nígbà tó fi máa parí, ọmọ ilé ìwé mẹ́rin ti sùn sórí ara wọn.

Oúnjẹ ló kàn. Lucy alásè gbé iyán àti ọbẹ̀ jáde, pọ̀nmọ́ fẹ̀ gbàràgàdà nínú ọbẹ̀ náà, ó wú, ó sì rọ̀. Gbogbo rẹ̀ ì bá ti parí síbẹ̀ bí kò bá ṣe ti Bàbá Fámúrewá, àgbẹ̀ tó dàgbà jù lọ ní àdúgbò náà. Bàbá kò ní nǹkan búburú lọ́kàn. Ó kàn mọ bí wọ́n ti ń ṣe nǹkan ni.

"Olóyè, ẹ ṣeun," ló wí, ó fọwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀. "Ohun kan ló rú mi lójú. Bí a bá ṣ'ọdún uṣu, uṣu la ń jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí kòtò ẹja ní Ṣúpárè, ẹja la jẹ, mo wà ńbẹ̀. Ohun tí a bá ṣí, a máa ń tọ́ ọ wò. Àbùùbùtán tí a ṣí lónìí dà?"

Gbogbo àwùjọ kùn pé òótọ́ ni. Ẹlòmíràn tilẹ̀ gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró dè é. Àwọn ará Àkókó kì í fẹ́ kí wọ́n pè wọ́n wá ṣí nǹkan kí wọ́n má sì mọ bó ṣe dùn. Lábọ̀dé wo Kọmíṣọ́nnà, ó wo ìkòkò, ó wo ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ tó ń retí. Ta ló lè gbà kí wọ́n sọ pé àsè òun kò pé? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ rò pé Lábọ̀dé á gbàgbé ni?" Ó bọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó ti ṣíbí bọ ìkòkò, ó sì fa pọ̀nmọ́ kan yọ tó bo gbogbo àwo. "Ohun tí ẹ ń rí yìí, àbùùbùtán ni! Èmi fúnra mi ló ní kí wọ́n mú un wá láti inú òkun, nítorí yín!"

Ariwo sọ. Bàbá Fámúrewá jẹ díẹ̀, ó ronú, ó ní ó mà jọ pọ̀nmọ́ o. Olóyè ní gbogbo nǹkan rere ló jọra.

Fúnminíyì ti dìde. Ó ní ìwé lọ́wọ́, ó ṣí i sí ojú ìwé tuntun. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì bọ̀wọ̀ fún un bí ìgbà gbogbo.

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

"Pé àbùùbùtán ni, sà? Pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n mú un wá?"

"Akọ̀wé yìí, ṣé etí rẹ di ni? Fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́! Gbé e wá kí n buwọ́ lù ú!" Níwájú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú epo lọ́wọ́, ó buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta.

Dókítà Déwùnmí ló kọ́kọ́ ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Kọmíṣọ́nnà, ọkùnrin yìí tí ẹ ní kó máa dáàbò bò wọ́n, òun ló sè wọ́n fún wa jẹ yìí?"

Kọmíṣọ́nnà tu òkèlè ẹnu rẹ̀ sínú aṣọ ìnuwọ́. "Lábọ̀dé! Kí ni mo jẹ?"

Ẹ wo bí ẹ̀wù ṣe ń fún ọkùnrin. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó ń rì nínú rẹ̀. "Sà, pọ̀nmọ́ ni. Pọ̀nmọ́ màlúù lásán ni, sà. Ẹ bi Lucy!"

"Pọ̀nmọ́ ni o," ni Lucy wí. "Èmi ni mo jó irun rẹ̀ dànù. Ta ló ní kì í ṣe pọ̀nmọ́?"

"Mo fi ṣàwàdà ni," ni Olóyè wí.

Fúnminíyì ti ṣí ìwé òfin. Ó kà á sókè ketekete, kò yára, kò sì falẹ̀. "Ẹ̀ka keje. Ohunkóhun tí Olùdarí Àgbà bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ní àbùùbùtán, àbùùbùtán ni. Kò sí àríyànjiyàn. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Olùdarí Àgbà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí i padà." Ó ṣí ìwé sẹ́yìn. "Ẹ̀ka kẹta. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, a ó ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa, a ó sì yọ àga kúrò lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà buwọ́ lù ú, Kọmíṣọ́nnà."

Kọmíṣọ́nnà gba ìwé náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa kà á. Bó ṣe ń kà á ni iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ.

"Lábọ̀dé," ló wí nígbà tó yá, "mú ọ̀kan. Bó bá jẹ́ àbùùbùtán, o ti rú òfin, ọlọ́pàá ló máa gbé ọ kúrò níbí. Bó bá jẹ́ pọ̀nmọ́, a jẹ́ pé ẹ̀ka keje kì í ṣe òfin, ìranù ni, mo sì máa fa igi lé e, ṣùgbọ́n o ti purọ́ fún mi lójú gbogbo ayé. Èwo ni?"

"Pọ̀nmọ́ ni, sà! Ẹ bá mi fa igi lé e! Mo bẹ̀ yín!"

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?" ni Fúnminíyì béèrè.

Olóyè wò ó. Mo rò pé ìgbà yẹn ni ìbéèrè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ló wí wúyẹ́wúyẹ́.

Kọmíṣọ́nnà fa igi lé ẹ̀ka keje. Fúnminíyì kò jókòó.

"Sà, tí eléyìí bá jẹ́ pọ̀nmọ́, ẹja àrọ̀ ìyá mi tí wọ́n torí ẹ̀ ti ìsọ̀ wọn pa ní Ìkàrẹ́ ńkọ́?" Omi ti gba ojú rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọn ò ná ọjà. Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Ẹja àrọ̀ wo?" ni Kọmíṣọ́nnà béèrè.

Gbogbo ènìyàn na ọwọ́ sí ère ńlá tó ń jẹ ìrù ara rẹ̀ láàárín àgbàlá. Irùngbọ̀n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró ṣánṣán nínú oòrùn. Dókítà Déwùnmí bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Kí ọ̀rọ̀ tó tutù, Kọmíṣọ́nnà ti kọ ìwé kí wọ́n ṣí ìsọ̀ Ìyátúndé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Badmus ṣì dúró, ó họ orí. "Ẹ má bínú o, ẹ̀ka kẹta ńkọ́? Ẹ ò fa igi lé ìyẹn."

"Rárá," ni Kọmíṣọ́nnà wí. "Ìyẹn wù mí. Irọ́ tó pa ni kí o torí ẹ̀ ṣe é fún un."

Badmus wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé àga Olóyè síta, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó fi gọ́ọ̀mù pa á lára dáadáa, ó sì lẹ ìwé pupa mọ́ ọn. Lábọ̀dé dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, Lábọ̀dé inú àwòrán sì fajú ro mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn pẹ́. Nígbà tó fẹ́ wọlé mú fìlà rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ìwé pariwo pé kò tíì fẹ́ fùùù. Gbogbo àgbàlá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, fùùù, fùùù, fùùù, títí kan Bàbá Fámúrewá tí kò ní eyín iwájú mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ìyátúndé fi ọ̀bẹ ẹja ha ojú Olóyè kúrò lára ìsọ̀ rẹ̀. Kò já tán. Etí kan ṣì wà níbẹ̀ di òní, ó sì ń so ọ̀rá tó fi ń di ẹja mọ́ ibẹ̀.

Dókítà Déwùnmí ni wọ́n fi rọ́pò Olóyè. Ó kó iṣẹ́ lọ sí etíkun níbi tó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi Fúnminíyì sí Ọ̀kà kó máa gba ìròyìn lórí fóònù, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti Lábọ̀dé, ìjọba kì í fẹ́ lé ènìyàn wọn dànù pátápátá. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó ń jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi ṣọ́nà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èébì ni gbogbo ìròyìn rẹ̀. Ó kéré tán, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ríṣẹ́ ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, fóònù dún lórí tábìlì Fúnminíyì.

"Mo rí i! Mo rí i o!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Lábọ̀dé ni."

Fúnminíyì dúró de àwọn oyè yòókù. Kò sí ìkankan tó tẹ̀ lé e. Omi ló ń gbọ́ tó ń lu ara ọkọ̀.

"Kí lẹ rí, sà?"

"Àbùùbùtán ni!"

"Ta ló pè é bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìyẹn ò tó mọ́, sà. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dúdú. Ó tóbi, Fúnminíyì, ó tóbi ju ilé wa lọ. Ó mí, omi sì fò sókè." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ẹni tí ẹ̀rù àti ayọ̀ mú papọ̀. "Kò ní irùngbọ̀n. Kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Mo rò pé ọmú ló ń mu."

Fúnminíyì fa ìwé sún mọ́ra. Ó fi bírò lé e.

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Dúró ná," ló wí. "Jẹ́ kí n tún wò ó dáadáa."